Nígbà tí Picasa kógbá sílé

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Google kéde pé òun kò ní tọ́jú Picasa mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ìtọ́jú náà dópin. Ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò balẹ̀, nítorí wọ́n rò pé inú Picasa ni fọ́tò wọn wà.

Picasa jẹ́ ètò kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ordinateur ní èdè Faransé. Ilé-iṣẹ́ Lifescape ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Google rà á ní ọdún 2004, ó sì ń fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Picasa ń to fọ́tò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń tún un ṣe: fọ́tò tó ṣókùnkùn a mọ́lẹ̀, èyí tó wọ́ a tọ́, ojú tó pọ́n nítorí iná kámẹ́rà a sì padà dúdú.

Ṣé inú Picasa ni fọ́tò wà lóòótọ́? Rárá o. Inú àpò tí oníkọ̀ǹpútà kó wọn sí ni wọ́n wà. Picasa dà bí fèrèsé tí ènìyàn fi ń wo yàrá. Bí fèrèsé bá bàjẹ́, ẹrù inú yàrá kò kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tó lè sọnù. Ká ní ayafọ́tò kan ní Kétu ya fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ère orí rẹ̀ ṣókùnkùn, tí ó sì fi Picasa tàn án. Picasa kò fọwọ́ kan fọ́tò náà gan-an. Inú fáìlì kékeré kan tó fara pamọ́ sínú àpò kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ .picasa.ini, ló kọ ọ́ sí pé kí ibí yìí mọ́lẹ̀, kí etí tọ̀hún kúrò. Ó dà bí aránṣọ tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ, tí kò tíì gé e. Bí aṣọ náà bá bọ́ sọ́wọ́ aránṣọ mìíràn tí kò mọ ìtumọ̀ àmì wọ̀nyẹn, aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ayafọ́tò bá fi ètò tuntun ṣí fọ́tò yẹn, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò tún ṣókùnkùn.

Nítorí náà, inú Picasa fúnra rẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ yan àwọn fọ́tò tó tún ṣe, kí ó sì tẹ Exporter. Picasa yóò ṣe ẹ̀dà tuntun tí iṣẹ́ ti wọ inú rẹ̀, fọ́tò àkọ́kọ́ yóò sì wà bí ó ṣe wà. Iṣẹ́ sùúrù ni fún ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò. Ó ṣe é ṣe lẹ́yìn ọdún 2016 pàápàá, nítorí Picasa tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà kò dẹ́kun iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í pẹ́ títí.

Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò kò ní irú ewu yìí. Kámẹ́rà ti kọ ọ́ sínú fọ́tò gan-an. (Bí aago kámẹ́rà bá ń parọ́, irọ́ náà ni yóò bá fọ́tò lọ.) Orúkọ àwọn àgbà tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà á bá a lọ.

Google ní kí àwọn ènìyàn kó lọ sí Google Photos, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, tó ń tọ́jú fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2021, ààyè ọ̀fẹ́ tí kò ní ìwọ̀n dópin níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn yan digiKam, ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dúró, tí owó rẹ̀ sì wọ́n, digiKam ló rọrùn jù fún ayafọ́tò.

Kí ó tó pa ohunkóhun rẹ́, yóò kọ́kọ́ da gbogbo fọ́tò kọ sórí dísíkì mìíràn. Lẹ́yìn náà, yóò fi àpò kan ṣoṣo dán ètò tuntun wò. Bí ojú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tí ọjọ́ àti orúkọ sì pé, ó lè ṣí àpò kejì.