Fọ́nrán Ọpọlọ àti Àìsàn Tí Wọ́n Ń Pè Ní Arán

Nínú ọpọlọ ènìyàn, apá kan wà tó dúdú bí eérú, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ìrònú kó ara wọn jọ sí, apá funfun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó kún fún fọ́nrán tíntìntín tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, tí ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní máyẹ́lìn sì bo ọ̀pọ̀ nínú wọn kí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ lè yá. Àwọn apẹja Àgbádárìgì mọ̀ pé bí okùn àwọ̀n bá já, kókó tó ṣẹ́kù kò lè mú ẹja. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì tí fọ́nrán rẹ̀ bàjẹ́ ṣe ń di aláìwúlò, bó tilẹ̀ wà láàyè.

Àrùn Alzheimer, tí oníṣègùn ará Jámánì, Alois Alzheimer, kọ́kọ́ ṣàlàyé ní ọdún 1906, ni olórí ohun tó ń fa ìgbàgbé tó kọjá ti ogbó. Purotéènì méjì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú rẹ̀: amyloid, tó ń dì ṣùṣù sí ìta sẹ́ẹ̀lì, àti tau, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti di ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú fọ́nrán mú ṣinṣin. Bí tau bá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, tó lọ́ mọ́ra, ọ̀nà náà a wó, oúnjẹ kò ní dé ìkángun mọ́, fọ́nrán a sì rọ kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tó kú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ṣe tirẹ̀. Òpójẹ̀ tó ń bọ́ apá funfun tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ru fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìtọ́jú, ògiri òpójẹ̀ a le, a sì fún, fọ́nrán tó gbójú lé e a bàjẹ́. Ìpalára méjèèjì sábà máa ń pàdé nínú orí ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn láti mọ iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé yìí ń mú, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn ikú Ọ̀ṣúntókun ní 1995. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Ti Ìbàdàn kéré, ṣùgbọ́n ó wà, èyí tó já irọ́ àwọn tó ń pè é ní àìsàn òyìnbó.

Nítorí náà, bí ìyá arúgbó tó ti ń ná ọjà Agbálátà ní Àgbádárìgì láti kékeré bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà bọ̀ wálé, àìdáa gbáà ni láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn án, kò sì tó láti sọ pé ó ń ṣarán. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Kò tíì sí oògùn tó ń wo Alzheimer sàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ní oògùn. Kí ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ó má sì dá oògùn tí dókítà bá kọ fún un dúró nítorí pé ara ti yá.