Amúnádọ́gba: Bí Ṣíìpù Kékeré Ṣe Ń Ṣàkóso Iná Inú Ọkọ̀, láti Nathan Way títí dé Èkó

Ìfáárà

Ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù, nígbà tí afẹ́fẹ́ odò Thames bá ń fẹ́ gba Nathan Way kọjá láàárín Plumstead àti Thamesmead, ohun kan wà tí awakọ̀ kankan kì í fẹ́ rí: kí ó yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnì kérora, kí gbogbo iná ìkìlọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òpópónà ilé iṣẹ́ ni Nathan Way. Ilé ìkẹ́rùsí àti ibùdó àtúnlò ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ ní àdúgbò tí ó yí i ká. Àwọn kan nínú wọn ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́. Àwọn mìíràn ń ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ láti èbúté Tilbury, ní apá ìsàlẹ̀ odò náà, kí ó lè di tòkunbọ̀ ní Èkó.

Bí irú ìṣòro òwúrọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀, yálà ní Thamesmead tàbí ní Ládípọ̀, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé "brain box" ti jó. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kí a tó dá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń bọ́ ọ, kí a sì mọ ibi tí agbára abọ́ni náà pin sí.

Iná ọkọ̀ kì í dúró sójú kan

Fóltéèjì ni a ń pe agbára tí ó ń ti iná mànàmáná gba inú wáyà, gẹ́gẹ́ bí gíga táǹkì omi ṣe ń ti omi gba inú páìpù. A máa ń sọ pé fóltì 12 ni bátìrì ọkọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni èyí. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ń sinmi, a máa wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator a gbé e lọ sí nǹkan bíi 13.8 sí 14.5. Nígbà tí a bá sì ń ṣíná ọkọ̀ nínú òtútù, sítátà a fa iná tó bẹ́ẹ̀ tí fóltéèjì lè já wá sí 6, tàbí kí ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ó léwu jù lọ ni èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí okùn bátìrì bá já nígbà tí alternator ń rọ iná sínú rẹ̀. Iná tí bátìrì ì bá gbà kò rí ibi lọ mọ́. Ó ya lu gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Nítorí irú ọ̀ràn yìí, ìlànà àgbáyé ISO 16750-2 ní kí a fi ìgbì iná tí ó wà láàárín fóltì 79 àti 101 dán ẹ̀rọ ọkọ̀ wò níbi tí alternator kò bá ti ní adènà tirẹ̀. Níbi tí ó bá ti ní adènà, fóltì 35 ni wọ́n sábà máa ń lò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òde òní ń béèrè fún nǹkan bíi fóltì 1 péré. Bí iná bá pọ̀ jù, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ya àwọn transistor inú rẹ̀ sọ́tọ̀ a lu; bí ó bá kéré jù, ó lè ṣi 0 kà sí 1.

Ọ̀nà tí amúnádọ́gba ń gbà ṣiṣẹ́

Ṣíìpù tí ó dúró láàárín ìgbì yìí àti kọ̀ǹpútà ni a ó máa pè ní amúnádọ́gba. Ẹni tí ó bá gbé ilé rí yóò rántí sitabiláísà tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, tí ó máa ń dún "kà" bí iná bá lọ sókè tàbí tí ó bá wálẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n amúnádọ́gba kò ní ohun tí ń dún, kì í sì í sinmi.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: òṣùwọ̀n, afiwéra, àti ìlẹ̀kùn. Òṣùwọ̀n ni fóltéèjì kékeré kan, nǹkan bíi 1.25, tí ooru tàbí òtútù kò lè mú yẹ̀. Robert Widlar, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ sínú ṣíìpù LM109 ti ilé iṣẹ́ National Semiconductor ní nǹkan bí ọdún 1970. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó da fóltéèjì méjì pọ̀: ọ̀kan ń dínkù bí ooru ti ń pọ̀, èkejì ń pọ̀ sí i. Ohun tí èkíní pàdánù ni èkejì ń dá padà, àpapọ̀ wọn kò sì yí.

Afiwéra a máa gbé iná tí ń jáde sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n yìí. Bí ó bá kéré, a ní kí ìlẹ̀kùn ṣí sí i. Bí ó bá pọ̀, a ní kí ó dínkù. Gbogbo ẹ̀kọ́ inú iṣẹ́ yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: wò ó, fi wé, tún un ṣe.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà lo ìlẹ̀kùn náà. Èkíní ni kí a ṣí i díẹ̀ títí lọ. Ó rọrùn, iná rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àjẹṣẹ́kù ni ó ń di ooru. Bí a bá fẹ́ sọ fóltì 14 di 5 fún ẹ̀rọ tí ń lo ampere 1, wáàtì 5 ni ẹ̀rọ yóò rí lò, wáàtì 9 yóò sì ṣòfò. Èkejì ni kí a ṣí i gbayawu, kí a sì tì í pátápátá, ní àṣítì àṣítì. Bí ó bá wà ní ṣíṣí fún ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò, wáyà tí a ká àti kapásítọ̀ a so ìṣàn tí ń já náà pọ̀, a sì di fóltì 5, pẹ̀lú òfò tí ó lè má tó wáàtì kan. Púpọ̀ nínú irú wọn tí a ṣe fún ọkọ̀ ń ṣí, wọ́n sì ń tì ju mílíọ̀nù méjì ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ariwo wọn má baà bọ́ sí orí ìkànnì rédíò AM. Wáyà tí a ká yìí kan náà, bí a bá tò ó lọ́nà mìíràn, lè gbé iná sókè nígbà tí bátìrì bá já sí 6.

Ní òde òní, ṣíìpù kan lè kó ọ̀pọ̀ amúnádọ́gba sínú: fóltì 5 fún àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn nǹkan, 3.3 fún àwọn tí ń bára wọn sọ̀rọ̀, 1 fún ọpọlọ. Ó ń tan wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, ó sì ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà kò bá jẹ́ ìpè lásìkò, a pa á, a sì tún un tàn. Níbi bíréèkì àti ìdarí ọkọ̀, irú ìṣọ́ yìí kì í ṣe àṣejù. Ìdí nìyí tí ìlànà ISO 26262, tí ó jáde ní ọdún 2011, fi sọ ààbò di ọ̀ranyàn ìrònú fún àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí

Amúnádọ́gba kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan, tí a ń pè ní rewáyà nílé, a máa yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá alternator dára. Nígbà tí ọkọ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, àṣà yìí lè kọjá láìsí ewu ńlá. Lónìí, ìgbì tí a ti ṣàlàyé lókè gan-an ni a ń fi ọwọ́ ara wa pè. Bákan náà ni fífi bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó jẹ́ fóltì 24, ṣíná ọkọ̀ kékeré: ìṣẹ́jú kan ni ìlànà ISO 16750-2 fi dán ẹ̀rọ wò lórí ìwọ̀n yìí, kì í ṣe títí lọ.

Mítà olówó pọ́ọ́kú lè sọ òtítọ́ kí a tó náwó. Kí a wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ń sinmi: nǹkan bíi 12.6. Kí a wọ̀n ọ́n nígbà tí a ń ṣíná: bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí òtútù kò mú, bátìrì náà fura. Kí a wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: 13.8 sí 14.5 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kí a wá yẹ okùn ilẹ̀ wò bóyá ìpẹtà ti bò ó, nítorí kò sí ṣíìpù tí ó lè mú iná tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dọ́gba.

Ìgúnlẹ̀

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà tuntun sí ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú ti ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tuntun náà yóò sì bá ohun kan náà pàdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí amúnádọ́gba ń ṣe ní mílíọ̀nù ìgbà ni ó yẹ kí àwa náà ṣe lẹ́ẹ̀kan: kí a wò ó, kí a fi wé òṣùwọ̀n, kí a tó fọwọ́ kàn án.