Àtúnṣe Ìkànnì Ẹgbẹ́ Aláàánú: Ẹ̀rí Ṣáájú Ẹwà

Ìbéèrè tí ìjíròrò yìí dá lé lórí ni èyí: kí ni ó ń fà á tí ẹgbẹ́ aláàánú fi lè máa ṣe iṣẹ́ gidi láàárín ìlú, síbẹ̀ tí àwọn tí ó lówó àti àwọn tí ó lè yọ̀ǹda ara wọn kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lóde òní, ìkànnì ayélujára ni ẹnu tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé àtúnṣe ìkànnì kò ju kí a yí àwọ̀ rẹ̀ padà lọ. Èrò yìí kò tọ̀nà. Àwọn ẹlẹ́tàn ti fi orúkọ àánú gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí olóòótọ́ pàápàá fi ní láti fi ara rẹ̀ hàn kí a tó gbà á gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀rí ni ó ṣáájú. Ẹwà ni ó tẹ̀ lé e.

Onígbọ̀wọ́ a máa béèrè ohun mẹ́ta: ta ni ẹgbẹ́ yìí, kí ni ó ti ṣe, báwo ni ó sì ṣe ń ná owó? Ní Nàìjíríà, ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, orúkọ àwọn alámòójútó àti àdírẹ́sì. Ní ti èkejì, gbólóhùn bíi ‘a ń ran ọmọ aláìní lọ́wọ́’ kò tó. Kí a dárúkọ ìlú tí a ti ṣiṣẹ́, iye ọmọ tí ó jàǹfààní àti ọdún tí a ṣe é. Ìṣirò owó ọdọọdún tí aṣàyẹ̀wò ti fọwọ́ sí ni ó ń dáhùn ẹ̀kẹta.

Ẹgbẹ́ charity: water, tí Scott Harrison dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 2006, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ó ṣe ìlérí pé gbogbo owó tí ará ìlú bá dá ni yóò bá iṣẹ́ omi lọ. Àwọn olùtọrẹ mìíràn lọ́tọ̀ ni ó ń gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ àti ìnáwó ọ́fíìsì. Ó sì ń fi àwòrán iṣẹ́ náà àti ibi tí ó wà lórí máàpù han olùtọrẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni ó lè ní irú àwọn olùtọrẹ ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò lè fi ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà hàn.

Ìbéèrè ti olùyọ̀ǹda ara ẹni yàtọ̀, nítorí àkókò ni ó fẹ́ mú wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ‘Ẹ wá darapọ̀ mọ́ wa’ nìkan kò lè mọ ohun tí yóò wá ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá kà pé a ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé ní ìṣirò fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé, yóò lè wo ara rẹ̀ wò bóyá ó tó o ṣe. Kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe ṣókí, kí èsì má sì pẹ́.

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo ìkànnì. Àwòrán tí ó bá wúwo jù a máa jẹ dátà wọn. Ó sì yẹ kí a kọ àpèjúwe sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè kà á fún afọ́jú. Ní ti àwòrán ọmọdé, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fẹ́ kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i. Àwòrán ọmọ tí ń sunkún lè mú owó wọlé lónìí, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sì bá a níbẹ̀.

Ní àkótán, kí ẹgbẹ́ tó pe ẹni tí yóò tún ìkànnì rẹ̀ ṣe, kí ó kọ́kọ́ kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí ó sì yan ẹni tí yóò máa fi ìròyìn tuntun kún un. Ìkànnì tí a kò bójú tó dà bí ilé tí koríko hù bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀: àlejò a rò pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, a sì bá tirẹ̀ lọ.