Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Apòògùn Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Kọ́ṣẹ́



Bí ara wa kò bá yá tí a lọ rí dókítà, yóò yẹ̀ wá wò, yóò sì kọ oògùn tí a ó lò sínú ìwé. Ìwé náà ni a ó mú tọ apòògùn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ apòògùn kò ju kí ó nawọ́ sí orí pẹpẹ, kí ó ka hóró oògùn sínú ọ̀rá, kí ó sì gba owó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ìbá fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà jókòó ní yunifásítì nítorí rẹ̀?

Lóòótọ́, ìwé tí wọ́n ń kà pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí ó ka nípa odò wíwẹ̀ nínú ìwé kò tíì mọ odò wẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ náà lójú àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n.

Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí i pé omi náà gun ẹ̀gbẹ́ ìgò díẹ̀, àárín rẹ̀ sì jìn. Ìsàlẹ̀ ibi tí ó jìn yẹn ni à ń kà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti tẹ̀ ba títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ń wò ó láti òkè, yóò rò pé oògùn ti dé ojú àmì nígbà tí kò tíì débẹ̀. Ìlà kan péré ni èyí nínú ìwé, ṣùgbọ́n kì í mọ́ni lára àfi bí a bá ṣe é léraléra.

Lẹ́yìn náà ni odó kékeré àti ọmọ odó. Bí oògùn tí ó lágbára bá kéré, tí ìyẹ̀fun tí a fẹ́ pò ó mọ́ sì pọ̀, a kì í da méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ da oògùn sódó, yóò bu ìyẹ̀fun tí ó bá a dọ́gba lé e, yóò sì lọ̀ ọ́. Yóò tún bu èyí tí ó bá gbogbo ohun tí ó wà nínú odó dọ́gba, yóò tún lọ̀ ọ́, títí ìyẹ̀fun yóò fi tán. Ẹ̀yin ìyá wa mọ ìdí rẹ̀. Bí iyọ̀ kò bá kárí ọbẹ̀, òkèlè kan yóò tẹ́, èkejì yóò já iyọ̀ jù. Bí oògùn kò bá kárí, ẹnì kan kò ní rí ìwòsàn, ẹlòmíràn lè kú.

Ìṣirò náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ tí ó wọn kílò 8, tí ara rẹ̀ gbóná. Bí a bá fẹ́ fún un ní parasitámọ̀ mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, 120 ni gbogbo rẹ̀. Ìgò kan wà tí 120 yìí wà nínú mílílítà 5 rẹ̀, èyí tí í ṣe ṣíbí oògùn kan. Ìgò mìíràn wà, èyí tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu, tí 100 wà nínú mílílítà 1 péré. Bí a bá bu ṣíbí kan nínú èyí, 500 ni ọmọ gbé mì, ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ! Orúkọ kan náà ni oògùn méjèèjì ń jẹ́ o. Ní kíláàsì, olùkọ́ yóò fi gègé pupa fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìdí káńtà, ẹ̀mí ọmọ ni yóò san án.

A sì ń kọ́ wọn bí a ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ṣe bí ìyá ọmọ, èkejì yóò ṣe apòògùn. Kò gbọdọ̀ béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" kí ó sì dákẹ́, nítorí ìtìjú lè mú kí ènìyàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Yóò wí pé, "Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ó ti lò ó bí ẹ bá délé."

Bí wọ́n bá gboyè tán ní Nàìjíríà, wọn yóò tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ apòògùn tí ó ti gba ìwé àṣẹ, ní ilé-ìwòsàn, ní ilé ìtajà oògùn tàbí ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn, kí àwọn náà tó lè gba ìwé àṣẹ tiwọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé èyí ti pọ̀ jù, ẹ rán an létí ọdún 2008. Ní ọdún náà, oògùn kan tí a ṣe fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní ilẹ̀ wa. Májèlé ni ó wà nínú ohun olómi tí a fi po oògùn náà. Májèlé yìí àti ojúlówó jọra: wọn kò láwọ̀, wọ́n sì ki. Ojú kò lè yà wọ́n, àfi kí a yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú ohun èlò kí a tó pò wọ́n. Ọwọ́ tí a ti kọ́ láti máa yẹ nǹkan wò ni kì í gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí apòògùn bá bi yín ní ìbéèrè lọ́kan-ò-jọ̀kan, ẹ má ṣe bínú pé ó ń fi yín falẹ̀. Ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì bi òun náà. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ mú ìṣirò ní ọ̀kúnkúndùn láti ìsinsìnyí lọ.