Fọ́tò kùrukùru tó gba igbó òkè lọ́wọ́ agégẹdú

Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, àwọn ayafọ́tò ní Amẹ́ríkà a máa gbé kámẹ́rà wọn gba ọ̀nà òkè Great Smoky Mountains lọ, ní ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti North Carolina. Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń bá lọ. Ewé á pọ́n, á pupa bí epo, kùrukùru á sì bo àfonífojì mọ́lẹ̀ láàárọ̀. A mú ìtàn òkè yìí wá fún yín nítorí pé fọ́tò wà lára ohun tí kò jẹ́ kí igbó rẹ̀ tán.

Òkè tó ń rú èéfín ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn Cherokee, tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ń pè é ní Shaconage, ibi èéfín aláwọ̀ búlúù. Èéfín náà kì í ṣe ti iná. Òjò tó ń rọ̀ lórí òkè náà lè kọjá 2,100 mílímítà lọ́dún. Àwọn igi ń mí omi jáde bí oru, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kan tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di búlúù lókèèrè. Nígbà ìwọ́wé, òru máa ń tutù gan-an, atẹ́gùn tútù á sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, oru omi inú rẹ̀ á di kùrukùru. Á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí òwú títí oòrùn á fi mú.

Ewé náà ní ìdí tó fi ń pa àwọ̀ dà. Bí ọ̀sán ṣe ń kúrú, àwọ̀ ewé tútù á ṣá, àwọ̀ òfeefèé tó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ á yọ. Àwọn igi mìíràn á fi ṣúgà inú ewé wọn ṣe àwọ̀ pupa. Orí òkè ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí oṣù kẹwàá tó dé, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ẹni tó mọ èyí kì í pàdánù: bí ewé òkè bá ti wọ́, á bá a nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Wọ́n ń dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta kó má bàa gbọ̀n, wọ́n á máa nu ojú rẹ̀ nítorí ìrì. Kùrukùru máa ń tan kámẹ́rà jẹ: funfun rẹ̀ á mú kí ẹ̀rọ náà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, fọ́tò á wá dúdú. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un. Wọ́n tún máa ń wá igi kan tó dá dúró nítòsí, kí ojú lè rí ibi tó máa gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ òkè yìí di mímọ̀ ni George Masa, ọmọ Jàpáànù. Ọdún 1915 ló dé ìlú Asheville, ó ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì Grove Park Inn, lẹ́yìn náà ló ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀. Lákòókò yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ agégẹdú ti la ọ̀nà rélùwéè wọ inú igbó, wọ́n sì ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Masa àti òǹkọ̀wé Horace Kephart ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ìjọba sọ ibẹ̀ di igbó tí ẹnikẹ́ni kò ní gé mọ́. Masa á pọn kámẹ́rà wúwo gun òkè, á ti àgbá kẹ̀kẹ́ kan tó fi ń wọn ọ̀nà, á jókòó ti kùrukùru títí á fi ṣí.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ń bẹ̀ kò dé òkè náà rí, fọ́tò ló gbé e wá bá wọn. Owó wọlé: àwọn ọmọ ilé ìwé dá kọ́bọ̀, ìdílé Rockefeller fi mílíọ̀nù 5 dọ́là sí i. Ní 1934, ìjọba dá ọgbà igbó náà sílẹ̀. Masa kò rí i. Ó ti kú ní 1933, láìní owó lọ́wọ́. Ní 1961, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ orí òkè kan níbẹ̀, Masa Knob. Lónìí, àlejò tó ń lọ síbẹ̀ lọ́dún ju mílíọ̀nù 11 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìdakejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń dáko lórí òkè náà ló ní láti kó kúrò. Àwọn àgbẹ̀ Kétu tí oko wọn wà nítòsí igbó ìjọba Dogo mọ ohun tí à ń wí. Igbó tí a bá gbà là lórí ìṣẹ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò tíì là tán.

Ìgbà ìwọ́wé kò sí lọ́dọ̀ wa. Eruku ni ti ọyẹ́, kì í ṣe omi. Síbẹ̀, kùrukùru òwúrọ̀ wà nígbà òjò lórí òkè Atakpamé, òkúta Ṣábẹ̀ sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkè 41 ti Ìdáàṣà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ṣábẹ̀ kọjá sì ti rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Igi ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.

Fóònù ọwọ́ yín tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jí ní kùtùkùtù, ẹ fọwọ́ kan ojú fóònù. Bí àmì oòrùn kékeré bá yọ, ẹ fà á sókè díẹ̀. Ẹ dúró sí ojú kan náà lọ́dọọdún, ẹ ya òkè kan náà. Kí ẹ tó wọ igbó Orò tàbí igbó òòṣà èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má yà, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí àríyànjiyàn bá dé lórí igbó ìlú, ẹ ó ní ohun tí ẹ máa gbé síwájú ọba àti mérì.