Ìdí Tí Tábúlẹ́ẹ̀tì Fi Ń Lọ́ra Lẹ́yìn Update, àti Ohun Tí Ará Sèmè Lè Ṣe Sí I

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn oníṣẹ́ fóònù lójú ọ̀nà Àgbádárìgì sí Sèmè máa ń gbọ́: tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ń sáré tẹ́lẹ̀, ó ní kí n ṣe update, mo ṣe é, láti ọjọ́ náà ló ti ń háàngì. A tẹ áàpù, ó dúró. A ń kọ̀wé, lẹ́tà kò jáde títí a fi gbé ìka kúrò. Bátìrì tó ń gbéni dálẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kú kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó sì yẹ kó dunni, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe: ejẹ́ńtì tó ń ṣètò ìwé ẹrù ní bodè, oníṣòwò tó ń ṣírò owó sẹ́fà sí náírà, ọmọ tó ń ka ìwé ìdánwò JAMB.

Ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ ni pé nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá kọ ọ́ sójú pé òun ti parí update, kò tíì parí. Iṣẹ́ ńlá kan ṣì kù nílẹ̀, kò sì ní fara balẹ̀ ṣe é àfi ìgbà tó bá wà lórí iná, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án. Ní àdúgbò tí iná ìjọba kò dájú, iṣẹ́ yẹn lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Púpọ̀ nínú àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní update ti bà jẹ́ ni kò bàjẹ́ rárá. A kò tíì fún wọn láyè láti parí iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà. Áàpù tí a ń gbà láti Play Store kì í dé ní èdè tí ọpọlọ tábúlẹ́ẹ̀tì wa gbọ́ ní tààrà. Ó ń dé ní irú ìkọ̀wé kan tí gbogbo ẹ̀rọ Android lè kà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni yóò sì tú u sí èdè ọpọlọ tirẹ̀. Títí di Android 4.4, ẹ̀rọ máa ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń lo áàpù náà lọ. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Google gbé Android 5 jáde, ètò tuntun kan tí wọ́n ń pè ní ART sì gba iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Òun ń tú gbogbo áàpù tán kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Àwọn tó ṣe update nígbà náà á rántí bí ẹ̀rọ ṣe máa ń ka áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan sójú, tí ènìyàn á sì jókòó tì í títí tí yóò fi sú u.

Nígbà tí Android 7 dé lọ́dún 2016, wọ́n yí i padà. Ẹ̀rọ á ṣí kíákíá lẹ́yìn update, ṣùgbọ́n yóò ti ọ̀pọ̀ nínú ìtumọ̀ náà síwájú di ìgbà ìsinmi. Ó ń ṣọ́ apá tí ẹ ń lò jù nínú áàpù kọ̀ọ̀kan, yóò sì tú àwọn yẹn nígbà tí ṣájà bá wà lẹ́nu rẹ̀, tí iná ojú rẹ̀ kú, tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Update tó bá yí ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ padà sì máa ń sọ ìtumọ̀ àtẹ̀yìnwá di aláìwúlò, ni ẹ̀rọ á bá tún bẹ̀rẹ̀. Kó tó tú wọn tán, gbogbo áàpù ló ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. iPad náà ní irú iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tirẹ̀: lẹ́yìn update, ó ń tún àkójọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tò kí a lè rí wọn wá, ó sì ń yẹ àwòrán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Apple ti sọ ọ́ ní gbangba pé update ńlá lè mú kí bátìrì tètè tán kí ara ẹ̀rọ sì gbóná fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣájì nílé. Wọ́n mú iná dé lálẹ́, gbogbo ilé á sáré so fóònù mọ́ ọn, ọmọ á sì gba tábúlẹ́ẹ̀tì, á máa wo fíìmù pẹ̀lú ṣájà lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn á tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì, á fi ṣájì, á sì pa á kó tó sùn. Ẹ̀rọ rí iná, kò rí ìsinmi. Nígbà tó sì rí ìsinmi, iná ti lọ. Àwọn tó ṣe Android gbà pé olúwa rẹ̀ á ti ṣájà bọ̀ ọ́ lálẹ́, á sùn, á sì yọ ọ́ láàárọ̀. Ìgbé ayé ibòmíràn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, àwa tí a wà ní etí òkun yìí ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì gba owó. Lẹ́yìn update, ẹ so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ iná lálẹ́, ẹ pa iná ojú rẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án di òwúrọ̀. Ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má sì fi sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, nítorí ọpọlọ ẹ̀rọ tó bá gbóná máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Bí iná òru kò bá sí, power bank ńlá tàbí bátìrì sólà tó bá gba òru já yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀rọ kò bìkítà ibi tí iná ti wá. Bí ẹ bá lè rí Wi-Fi, ẹ ṣe update áàpù náà, pàápàá WhatsApp, Chrome àti áàpù báńkì, nítorí áàpù àtijọ́ lórí ìpìlẹ̀ tuntun a máa dá wàhálà sílẹ̀.

Bí òru méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ yẹ àyè ìpamọ́ wò. Níbí, ìtàn Nexus 7 yóò là wá lóye. Google àti Asus gbé tábúlẹ́ẹ̀tì yìí jáde lọ́dún 2012, RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí àwọn áàpù tó wà ní ṣíṣí ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́ gígábáìtì 1, ìpamọ́ èyí tó kéré jù nínú wọn sì jẹ́ gígábáìtì 8. Àwọn tó rà á yìn ín púpọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó bá kó fíìmù àti géèmù kún inú rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ sílé kéwú mọ bí wàláà ṣe rí: a kì í kọ tuntun lé èyí tó wà lórí rẹ̀, a ní láti fọ̀ ọ́ ná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mẹ́mórì inú tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí àyè tí a ti fọ̀ sílẹ̀ bá pọ̀, kíkọ á yá. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ á máa kó nǹkan kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, á fọ̀, kó tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìṣòro Nexus 7 tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá pa fíìmù rẹ́, ẹ̀rọ kò sọ fún mẹ́mórì pé àyè yẹn ti ṣófo, mẹ́mórì sì ń tọ́jú òkú ẹrù. Nínú oṣù Keje ọdún 2013, Android 4.3 mú ìgbálẹ̀ kan wá tó ń sọ àyè tó ṣófo fún mẹ́mórì déédéé. Ìgbà wo ni ìgbálẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́? Ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí iná tó sì ń sinmi ni. Àwọn tó ni Nexus 7 rí ìtura, àfi ìgbà tí Android 5 dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó wúwo ju agbára ẹ̀rọ náà lọ débi pé ọ̀pọ̀ wọn wá ọ̀nà padà sí 4.4.

Google sọ nínú ìrànwọ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń lo Android pé ìyọnu lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àyè tó ṣófo bá kéré sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi á ní kí ẹ fi tó ìlọ́po méjì ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó ń kún tábúlẹ́ẹ̀tì wa jù ni fídíò tí ẹgbẹ́, ẹbí àti ìjọ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ẹ̀dà kan náà ń wọlé láti ojú mẹ́ta. Ẹ ṣí Settings inú WhatsApp, ẹ wọ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ìpamọ́ àti dátà, yóò to àwọn tó tóbi jù sílẹ̀ kí ẹ yọ wọ́n dànù. Ẹ pa á láṣẹ pé kó má máa fa fídíò wọlé fúnra rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ tún un tàn.

Àìtó RAM ni èyí tí ìsinmi kò lè wò. Bí RAM kò bá tó, ẹ̀rọ á máa pa áàpù kan kó lè ṣí òmíràn. Ẹ fi ìwé tí ẹ ń kọ sílẹ̀ láti dá WhatsApp lóhùn, ẹ padà dé, ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Android Go tí Google gbé jáde ní òpin ọdún 2017 ni wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò ju gígábáìtì 1 lọ. Nígbà tí Go ti Android 13 máa fi dé, gígábáìtì 2 ló kéré jù tó lè gbà. Tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 1 kò lè bá ayé yìí sáré mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á tún un ṣe kó sáré ń gba owó yín lásán ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé ilé iṣẹ́ ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fi update ba ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́ kí a lè ra tuntun. Ìfura náà ní gbòǹgbò. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2017, Apple fi update kan dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ni fóònù. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì dín owó bátìrì tuntun kù láti dọ́là 79 sí 29. Ìjọba Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn lọ́dún 2020 nítorí ìdákẹ́ yẹn. Ṣáájú, lọ́dún 2018, ilẹ̀ Ítálì ti bu mílíọ̀nù 10 lé Apple, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 5 lé Samsung lórí update tó dá Galaxy Note 4 lágara. Fóònù ni gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí kàn, kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù tuntun lé ẹ̀rọ tí mo fi owó mi rà gbọ́dọ̀ sọ fún mi bí ẹrù náà ṣe wúwo tó.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ẹnubodè. Ibùdó àjọlò Sèmè-Kraké tí Ààrẹ Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Talon ti Benin ṣí nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2018 kó òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá kò sì mọ ààlà. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní síìmù á máa fò láti òpó Nàìjíríà sí ti Benin, á máa wá àmì kiri, bátìrì á máa tán, ojú ewé kò ní ṣí. A ó ní update ló fà á. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi ẹ̀rọ sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ ṣí ìwé tàbí àwòrán tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣí kíá, ara tábúlẹ́ẹ̀tì yá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ bá wí. Ẹ wọ Settings, ẹ fọwọ́ ara yín yan ilé iṣẹ́ tí síìmù yín jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ̀rọ má máa yàn fún ara rẹ̀.

Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni nu gbogbo inú tábúlẹ́ẹ̀tì nù, ẹ kó àwòrán àti ìwé yín sí ibòmíràn. Ẹ sì rí i dájú pé ẹ mọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀. Láti Android 5.1, ẹ̀rọ tí a bá fi ipá nù á béèrè àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. iPad náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti iOS 7, lọ́dún 2013. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni àkáǹtì òyìnbó kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, tí olówó tuntun kò mọ̀ títí ó fi nù ún, tí ẹ̀rọ sì di pákó. Ti pé kí wọ́n fíláàṣì rẹ̀ padà sí ẹ̀dà àtijọ́, Apple máa ń ti ilẹ̀kùn yẹn láìpẹ́ lẹ́yìn update, ọ̀pọ̀ Android pàápàá kì í gbà á mọ́.

Kí ẹ má tìtorí gbogbo èyí kọ update sílẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn olùṣèwádìí rí ihò kan nínú Android tí wọ́n pè ní Stagefright. Àtẹ̀jíṣẹ́ fídíò kan tí olè bá fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ènìyàn ti tó fún un láti wọlé. Nítorí rẹ̀ ni Google fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹni tí áàpù báńkì rẹ̀ wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ sùn láìti ilẹ̀kùn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí Settings níwájú yín. Ẹ wo iye RAM, ẹ wo àyè tó ṣófo, ẹ wo ọjọ́ tó gba àtúnṣe ààbò kẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kó yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò lójú yín kí ẹ tó kówó lé e lọ́wọ́.