Ọmọbìnrin Gíga Inú Oko Òwú

Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín kò gbàgbé ìdíje Òlíḿpíìkì tí ó wáyé ní ìlú Paris ní ọdún 2024. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n, àwọn tí a ń pè ní D'Tigress, ti na Australia àti Canada, tí wọ́n sì di ikọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tí yóò wà lára àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú eré náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbá bọ́ọ̀lù yìí fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ti ń bi mí pé báwo ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ọ̀hún ṣe ń rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mú. N kò ní í fi òfin àti fọ́ọ̀mù dá yín lóhùn nínú oṣù yìí. Ìtàn obìnrin kan ni n ó sọ, ọmọ àgbẹ̀ láti Mississippi, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá, tí ó sì kù díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i rárá.

Lusia Harris ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n bí i, ní ìletò kan tí ń jẹ́ Minter City. Òun ni ọmọ kẹwàá nínú mọ́kànlá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, Lusia pẹ̀lú sì ká òwú nínú oko nígbà èwe rẹ̀. Ó ga púpọ̀. Nígbà tí ó dàgbà tán, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin agogoro ṣe mọ̀ pé àwọn aládùúgbò máa ń béèrè ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ kí wọ́n tó béèrè ìwé tí ó ń kà. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí ìyá rẹ̀ ní kí gbogbo ilé lọ sùn, Lusia a fa aṣọ ìbora bo ara rẹ̀ àti tẹlifíṣàn pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà tú u fó, a sì máa wo àwọn ọkùnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Oscar Robertson ni ààyò rẹ̀ láàárín wọn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amanda Elzy, ní Greenwood, ọjọ́ kan wà tí òun nìkan ju bọ́ọ̀lù wọlé títí ó fi ní àmì 46 nínú eré kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré kọjá lórí 46 yìí. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kì í ní tó bẹ́ẹ̀ bí gbogbo wọn bá pa tiwọn pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin ni, àwọn tí ń wá agbábọ́ọ̀lù fún yunifásítì ì bá ti máa du àga jókòó nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ni, ọmọ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ní ìletò tí kò sí lójú títì. Alcorn State ni ó ti pinnu láti lọ, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ kan náà. Alcorn kò ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún obìnrin. Bí ó bá lọ síbẹ̀, eré rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí. Nígbà tí a bá sọ pé wọn kò rí ọmọ kan, a máa ń rò pé ojú ni ó fọ́. Kì í ṣe ojú nìkan. Ta ni yóò rìn wá wo ọmọ tí kò sí àyè kankan tí a pèsè dè é?

Ó ní ìdí tí àyè náà kò fi sí. Ní ìlú Cleveland ní Mississippi, tí kò ju bí ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ láti Minter City, Delta State wà. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti ní ikọ̀ obìnrin rí, ọ̀kan nínú wọn sì ni Margaret Wade. Ní ọdún 1932, àwọn aláṣẹ tú ikọ̀ náà ká, wọ́n ní eré náà ti le jù fún ọmọge. Àwọn ọmọbìnrin náà sọkún, wọ́n sì dáná sun aṣọ eré wọn. Èmi tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ètò ilé, mo ti ka irú ọ̀rọ̀ yìí nínú oríṣiríṣi ìwé àtijọ́, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí n kò tíì rí ibi tí ẹnì kankan ti kọ ọ́ pé òwú kíká láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú oòrùn Mississippi le jù fún obìnrin. Omi pípọn ń kọ́?

Ogójì ọdún kọjá. Ní ọdún 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Title IX, pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ní ọdún 1973, Delta State dá ikọ̀ náà sílẹ̀ padà. Ta ni wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀? Margaret Wade kan náà ni, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó sì ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú Cleveland ní bọ́ọ̀lù. Ìlú ńlá kọ́ ni wọ́n ti wá ọmọ. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Melvin Hemphill ni ó lọ bá Lusia tí ó sì rọ̀ ọ́ kí ó wá sí Delta State.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ fi ara yín sí ipò ìyá rẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1960, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Nínú ikọ̀ tí ó lọ bá, Lusia nìkan ni aláwọ̀ dúdú. Síbẹ̀ ó lọ.

Ní ọdún 1975, wọ́n bá Immaculata pàdé ní ìparí ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà. Immaculata ti gba ife náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra. Delta State ní 90, wọ́n ní 81, Lusia nìkan sì ní 32 nínú rẹ̀. Wọ́n tún gbà á ní 1976 àti 1977. Ní Montreal ní 1976, níbi tí àwọn obìnrin ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní Òlíḿpíìkì, ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ti wọ agbọ̀n, fàdákà sì ni ikọ̀ Amẹ́ríkà gbà bọ̀. Àmì 2,981 ni ó ní ní gbogbo ìgbà tí ó wà ní Delta State. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún fi í ṣe ayaba àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ oyè náà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fi gíga rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni o!

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ní 1977, New Orleans Jazz, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, yàn án mọ́ tiwọn. Kò lọ. Ó ti lọ́kọ, ó sì lóyún. Ó sọ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn pé òun kò kábàámọ̀, èmi náà kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá a kábàámọ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn ìyẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibòmíràn tí obìnrin lè lọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù fúngbà díẹ̀ fún Houston Angels, nínú líìgì obìnrin kan tí kò pẹ́ tí ó fi túká. WNBA tí a mọ̀ lónìí kò bẹ̀rẹ̀ eré títí di 1997, nígbà tí Lusia ti pé ẹni ọdún 42. Àìsàn ọpọlọ tún bá a fínra, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi í pamọ́ fún ayé.

Iṣẹ́ tí Delta State kọ́kọ́ gbé fún un lẹ́yìn ìwé rẹ̀ ni kí ó máa gba àwọn ọmọ tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nímọ̀ràn, kí ó sì máa ran akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́. Ó tún kàwé gba oyè kejì níbẹ̀. Ó lọ ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní yunifásítì kan ní Texas, ó sì padà wálé, sí Amanda Elzy, níbi tí ó ti ní àmì 46 ọjọ́sí. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe tíṣà, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù.

Ní 2021 ni wọ́n gbé fíìmù kan jáde nípa rẹ̀, The Queen of Basketball, nínú èyí tí òun fúnra rẹ̀ jókòó tí ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni fíìmù ọ̀hún gba ẹ̀bùn Oscar.